Fọ́ńgọ́ọ̀sì wọ fáàfù ọkàn ẹ̀gbọ́n mi tó ń gba kẹ́mò, ṣé ká gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ?

Àbúrò_Téélọ̀_Lágere

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ ló gùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, téélọ̀ ni níbí ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Kókó yọ sí i lọ́rùn àti abíyá lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní lymphoma ni, jẹjẹrẹ tó máa ń mú àwọn kókó ara yẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò, ó sì ń ṣe dáadáa, kókó ọrùn ń wálẹ̀, ó tún ti ń jẹun, àfi pé iṣan ọwọ́ ẹ̀ ti sá lọ pátá, kò síbi tí wọ́n máa gún mọ́, ni wọ́n bá ki ọ̀pá rọ́bà kékeré kan bọ̀ ọ́ nítòsí ọrùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un lóògùn.

Ibà wá dé. Ìyàwó ẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní màlééríà ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tán, ibà ò lọ. Wọ́n tún ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fa dírípù sí i, wọ́n ń gba àǹtíbáyótíìkì kan sílẹ̀ wọ́n ń gbé òmíràn, èyí tó wọ́n jù ni wọ́n fi parí ẹ̀. Láàárọ̀ ara á tutù, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ibà á tún dé, aṣọ á rin gbingbin fún òógùn. Ẹnu ẹ̀ la wà tó fi di ìdájí ọjọ́ kan tó pariwo pé ẹsẹ̀ òun o, ẹsẹ̀ òsì. Mo fọwọ́ kàn án, láti orúnkún dé ìka ló tutù, àwọ̀ ẹ̀ ti yí padà, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì rèé tó ń gbóná janjan fún ibà.

A gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́sibítù ńlá. Àwọn oníṣẹ́ abẹ fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde nínú iṣan itan ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn wá ní kí wọ́n má dà á nù o, kí wọ́n gbé e lọ láàbù. Láàbù ló padà sọ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n ṣe echo ọkàn, wọ́n fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà, nǹkan kan so mọ́ fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń tì nínú ọkàn, ó ń jù fìrìfìrì bí ọkàn ṣe ń lù.

Ní báyìí wọ́n ń fún un ní oògùn kan nínú dírípù, tí wọ́n bá ti so ó kọ́ báyìí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn dọ́kítà ní oògùn nìkan lè má ká a, pé ká máa múra iṣẹ́ abẹ láti pààrọ̀ fáàfù, pé àwọn á kọ̀wé fún wa lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ibẹ̀ ni ẹbí ti pín sí méjì. Bàbá wa àgbà ní kò sí ohun tó jọ ọ́, pé ta ló ń la àyà ẹni tí jẹjẹrẹ ò tíì fi sílẹ̀. Ìyá ìyàwó ẹ̀ ní ọfà ni wọ́n ta sí i, pé kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló máa gùn dé ọkàn. Èmi tí mo wà láàrin ò mọ tẹni tí mo fẹ́ gbè. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí irú ẹ̀ rí? Ṣé oògùn nìkan ò lè ṣe é ni? Báwo ló tiẹ̀ ṣe débẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á wò ó sàn. Nọ́ọ̀sì ni mí, Iléṣà ni mo wà. Mi ò rí ẹ̀gbọ́n yín o, torí náà àwọn tó wà nídìí ẹ̀ lẹ máa gbọ́ tiwọn jù, àmọ́ mo ti wà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti tọ́jú irú ẹ̀, mo lè sọ ohun tí mo mọ̀.

Ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká mú un kúrò ńlẹ̀ ná. Èyí tó ń jẹ ìka ẹsẹ̀ àti èyí tó ń fa lápálápá, awọ ara ni tiwọn, wọn kì í wá ọ̀nà ọkàn. Èyí tó ń mú fáàfù jù ni Candida, ara gbogbo wa ló sì ń gbé, nínú ẹnu, nínú ìfun, lójú ara obìnrin. Kì í ṣe wá ní nǹkan kan torí pé sójà ara ń ṣọ́ ọ, àwọn bakitéríà tí wọ́n jọ ń gbé inú ìfun náà ò sì jẹ́ kó ráyè. Ẹ wá wo ti ẹ̀gbọ́n yín. Kẹ́mò ti dín sójà ara kù. Prednisolone sábà máa ń wà nínú kẹ́mò lymphoma, òun náà ń tẹ agbára ara mọ́lẹ̀. Àǹtíbáyótíìkì tí wọ́n ń pààrọ̀ sí i lára ti gbá àwọn bakitéríà tó ń dí i lọ́nà dànù. Rọ́bà sì wà nínú iṣan ńlá tó lọ tààrà sínú ọkàn. Candida máa ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà gan-an, á ṣe nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ kan bo ara ẹ̀ tí oògùn ò ní lè wọ̀, ibẹ̀ lá ti máa já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin o, ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn nílé kí wọ́n má lọ máa fi ojú burúkú wo ìyàwó ẹ̀.

Kí ló dé tí oògùn nìkan fi ń ṣòro? Fáàfù ò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ara tiẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kàn ń gba ojú ẹ̀ kọjá ni, oògùn ò ráyè wọnú ohun tó hù síbẹ̀ dáadáa, sójà ara náà ò ráyè. Ti fọ́ńgọ́ọ̀sì sì máa ń tóbi ju ti bakitéríà lọ, á máa já. Èyí tó bá já lọ sẹ́sẹ̀ lẹ rí yẹn. Tó bá gba orí lọ, rọpárọsẹ̀ ni. Ó lè lọ sí kíndìnrín, ó lè lọ sójú. Àìsàn yìí ò wọ́pọ̀, nínú 100 ènìyàn tí kòkòrò bá mú fáàfù wọn, bí ẹnì kan sí méjì ni ti fọ́ńgọ́ọ̀sì, àmọ́ òun ló burú jù nínú gbogbo wọn, nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá mú, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í yè é. Mi ò ní bo ìyẹn mọ́ yín lójú torí ìpinnu lẹ fẹ́ ṣe. Ohun tó wà nínú ìlànà ìtọ́jú tí àwọn dọ́kítà ń tẹ̀ lé fún ti Candida ni pé kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù náà tí ara aláìsàn bá lè gbà á, kí oògùn sì máa lọ fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ràn ọ̀bẹ.

Oògùn tó ń mú un gbọ̀n yẹn, amphotericin B ni mo rò. Ìgbọ̀n yẹn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n lè fún un ní parasitámọ́ọ̀lù àti nǹkan mìíràn ṣáájú kó lè rọlẹ̀. Ohun tó ń ba àwa lẹ́rù jù ni kíndìnrín àti potassium, iyọ̀ kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé, liposomal ni wọ́n ń pè é, kì í bá kíndìnrín jà tó ti àtijọ́, owó ẹ̀ ló ń lé ènìyàn sá. Dextrose la fi ń pò ó, a kì í fi saline pò ó rárá torí ńṣe lá dì, saline tẹ́ ẹ rí tí wọ́n ń fà sí i lára ṣáájú, ti ọ̀tọ̀ nìyẹn, torí kíndìnrín ni. Ẹni tó bá wà nídìí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kó máa ṣọ́ ìtọ̀ o. Kó gba ìgò tí wọ́n sàmì sí lára, kó máa kọ iye tó ń tọ̀ sílẹ̀, tó bá ń dínkù kó pariwo. Tó bá ní ẹsẹ̀ ń hán òun tàbí ọkàn ń lù kìkì láìdúró, ẹ má dúró de ìgbà tí dọ́kítà máa wá kiri, ẹ lọ pe nọ́ọ̀sì.

Ẹ wá bá mi bi wọ́n: irú fọ́ńgọ́ọ̀sì wo gan-an ni, ṣé wọ́n ti yọ rọ́bà yẹn kúrò, ṣé dọ́kítà ojú sì ti tan iná wo ẹ̀yìn ojú ẹ̀? Àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ti ojú yẹn.

Àgbà_Ìlódè

Gbogbo nǹkan lẹ fẹ́ fi gẹ̀ẹ́sì ṣe, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mi ò gbọ́ ọ rí pé olú hù lọ́kàn ènìyàn. Bóyá òótọ́ ni ìyá ìyàwó ẹ̀ ń sọ, bóyá kì í ṣe òótọ́, àmọ́ ẹ wá tagíìrì àti ewúro, ẹ gbo ó, kó máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́, á fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n la àyà ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ_Láàbù

@Àgbà_Ìlódè Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Olú kọ́ o sà, kò ṣeé fojú rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwa tá a wà láàbù ń rí i. Irú ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n fà jáde lẹ́sẹ̀ bọ̀dá yìí, tí wọ́n bá gbé e dé, a máa gé e pẹlẹbẹ, a máa kùn ún, a gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Candida á wà níbẹ̀ roboto, òmíràn á ti rú ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀, òmíràn á ti na gbọọrọ. Oníṣẹ́ abẹ tó ní kí wọ́n má dà á nù yẹn ló gba ẹbí yìí sílẹ̀, kí Ọlọ́run bù kún un, torí ibòmíràn wà tó jẹ́ pé inú garawa ni wọ́n máa jù ú sí, wọ́n á wá máa wá ohun tó fa ibà kiri.

Àwọn méjì ló máa ń mú fáàfù jù. Candida ni àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì ti sọ tiẹ̀. Èkejì ni Aspergillus, ẹbí èyí tó máa ń wà lára ẹ̀pà àti èlùbọ́ tó ti bu, ó wà nínú erùpẹ̀, ó wà nínú eruku ibi tí wọ́n ti ń wó ilé, imú la fi ń fà á. Ẹni tí ara ẹ̀ le ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé òun fa nǹkan kan símú, àmọ́ ẹni tí sójà ara ẹ̀ ti tán, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó tún wá burú nínú tiẹ̀ ni pé kì í sábà hù nínú ìgò blood culture, ìyẹn ìgò tá a máa ń da ẹ̀jẹ̀ sí kí kòkòrò inú ẹ̀ lè hù, ẹ lè máa gba ẹ̀jẹ̀ títí kí láàbù máa kọ ọ́ pé àwọn ò rí nǹkan kan, nǹkan náà sì wà lórí fáàfù tó ń dàgbà. Candida máa ń hù ní tiẹ̀, ó kàn lè fi ọjọ́ mélòó kan falẹ̀ ni, torí náà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró de èsì, ẹ dúró. Oògùn wọn ò sì dọ́gba. Fluconazole, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tá a mọ̀ yẹn, ò ran Aspergillus rárá, voriconazole ni wọ́n sábà máa ń lò fún un.

Ẹ jẹ́ n bínú díẹ̀ síbí yìí. Ẹni tó ń gba kẹ́mò, tí rọ́bà wà lọ́rùn ẹ̀, tí ibà ẹ̀ gòkè tó 38, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í da àǹtíbáyótíìkì sí i lára kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fún culture, kí wọ́n fà á níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan gba inú rọ́bà yẹn jáde. Kì í gba àkókò, kẹ́ ẹ fà á tán kí oògùn bẹ̀rẹ̀ kíá, torí ẹni tí sójà ara ẹ̀ ti lọlẹ̀ ò ṣeé fi ibà ṣeré. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Widal tí wọ́n fi ń pe gbogbo ibà ní táífọ́ọ̀dù nílẹ̀ yìí, ó lè jẹ́ positive lára ẹni tí kò ní táífọ́ọ̀dù láyé ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́ ó ti sú mi.

Àti pé bàbá, kì í ṣe ilé wa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2022, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, to orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 tó yẹ kí gbogbo ayé máa ṣọ́. Mẹ́rin ló wà lókè pátápátá, Candida albicans àti Aspergillus fumigatus wà níbẹ̀, Candida auris àti Cryptococcus neoformans ló kún wọn.

Màmá_Ayọ̀_Parakin

Mo rí irú ẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Kíndìnrín ni tiẹ̀, ṣúgà náà wà lára ẹ̀, wọ́n sì ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ láti ara rọ́bà tí wọ́n fi sí i lọ́rùn. Bó ṣe ṣe ẹ̀gbọ́n yín náà ló ṣe é, ibà tí kò lọ, àárẹ̀, kó máa rù. Ìgbà tí wọ́n rí i lórí echo, ti àyà lásán kọ́ ló gbé e jáde o, àyàfi ìgbà tí wọ́n ní kó gbé ẹ̀rọ kan mì tó gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé, ìyẹn ló rí i kedere. Ó ní òun ò ní gbà á láyé, a bẹ̀ ẹ́ títí.

Wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní ara ẹ̀ ò lè gbà á. Oògùn nìkan ni wọ́n bá fi tẹ̀ síwájú, èyí tí wọ́n ń fà sí iṣan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà fluconazole tí á máa jẹ lójoojúmọ́. Wọ́n sọ ọ́ fún wa láìfi bọpobọyọ̀ pé àwọn ò lè fi oògùn tú u kúrò níbẹ̀ pátápátá, àwọn kàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, kó má lè dìde, pé tó bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, oògùn títí ayé ni. Ara ẹ̀ yá. Ó padà sídìí ata ẹ̀ lọ́jà, ó ń bá àwọn oníbàárà jà bíi ti tẹ́lẹ̀ (mo mọ̀ pé ara ẹ̀ ti yá lọ́jọ́ tó bú mi). Ìgbà tó yá ló bá sọ pé kí lòun tún ń jẹ oògùn fún nígbà tí nǹkan kan ò ṣe òun, ó ń fò ó, ó wá jáwọ́ láìsọ fún ẹnì kankan. Ibà padà dé. Èyí tó tún wá le ni pé ojú ẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn ti já lọ síbẹ̀. Wọ́n dá a padà sórí oògùn, ó wà láàyè títí dòní, a dúpẹ́, àmọ́ ojú yẹn ò padà bọ̀ sípò.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé kẹ́ ẹ má rò pé "oògùn nìkan" ló rọrùn jù. Ó jọ pé ó rọrùn ni. Tí wọ́n bá ní ara ẹ̀gbọ́n yín lè gba iṣẹ́ abẹ, ó lójú tó yẹ kẹ́ ẹ fi wò ó.

Ti owó ńkọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, ó máa ń mu ènìyàn gbẹ. Ọ̀pọ̀ oògùn yẹn ò ní sí ní fámásì ọsibítù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀, ìta lẹ máa ti wá a, bóyá Ìbàdàn, bóyá Èkó. Ẹ fi ẹnì kan sídìí oògùn kíkó, ẹni tó lè ka orúkọ tí dọ́kítà kọ, kó má jẹ́ pé ẹni tó bá rìn sí i ni wọ́n á rán. Ẹ wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, ẹ má dúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ sì jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ máa sùn nílé nígbà mìíràn, ẹ̀yin ẹbí ọkùnrin náà ẹ máa gba ipò.

Àbúrò_Téélọ̀_Lágere

Mo dúpẹ́ o, gbogbo yín pátá. Mo lọ bi wọ́n láàárọ̀ yìí. Candida ni, wọ́n ní parapsilosis ni irú ẹ̀. Wọ́n ti yọ rọ́bà ọrùn lọ́jọ́ tí èsì ẹsẹ̀ jáde, wọ́n sì gé orí rọ́bà náà lọ láàbù, ohun kan náà ló hù níbẹ̀. Ti ojú, wọn ò tíì ṣe é, mo sọ ọ́ fún dọ́kítà, ó kàn rẹ́rìn-ín ó ní ta ló kọ́ mi, ó sì kọ ìwé fún dọ́kítà ojú lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó kù ni bàbá wa. Wọ́n ní kí n bi yín, tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, jẹjẹrẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n á dá kẹ́mò dúró kí kókó yẹn tún wú padà ni? Ẹnì kan náà tún sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní Nàìjíríà, pé Íńdíà ni wọ́n ń lọ, ó ti wá di àriyànjiyàn nílé.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti la ọkàn ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní UNTH, ọsibítù yunifásítì tó wà ní Enúgu, Magdi Yacoub tó jẹ́ ọmọ Íjíbítì wà lára àwọn tó ṣe é. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ò pọ̀ ni mo lè gbà, kì í ṣe pé kò sí.

Ti jẹjẹrẹ yẹn, ìbéèrè bàbá dáa gan-an ni, ẹ má fojú àgbà tí kò mọ nǹkan wò wọ́n. Òótọ́ ni pé wọ́n lè dá kẹ́mò dúró fúngbà díẹ̀, torí kò sí bí wọ́n ṣe máa pa sójà ara lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ lymphoma ló ń gbọ́ kẹ́mò, ẹ̀yin náà ẹ sọ pé kókó yẹn ń wálẹ̀. Èyí tó wà lórí fáàfù ni kò ní dúró de ẹnì kankan, ó ti já lẹ́ẹ̀kan, ibi tó máa já lọ lẹ́ẹ̀kejì la ò mọ̀. Ohun tí wọ́n á wò ni iye sójà ara ẹ̀ àti platelet ẹ̀, ìyẹn èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, bóyá wọ́n ti gòkè padà, torí ẹ̀jẹ̀ ò gbọ́dọ̀ máa ya lórí tábìlì. Wọ́n á tún wo bóyá fáàfù yẹn ti ń jò, tí ọkàn ti ń ṣe wàhálà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí dọ́kítà jẹjẹrẹ àti dọ́kítà ọkàn jọ jókòó pẹ̀lú bàbá lọ́jọ́ kan náà, kó má jẹ́ pé òní ẹ gbọ́ ti eléyìí, ọ̀la ẹ gbọ́ ti tọ̀hún. Tí bàbá bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn fúnra wọn, ó máa ń yàtọ̀.

Oníkẹ́míìsì_Sábó

Ẹ jẹ́ n bọ́ sí i níbi tó kàn mí. Tí wọ́n bá pààrọ̀ fáàfù, oríṣi méjì ló wà, ti irin àti ti ara ẹran. Ẹni tí wọ́n bá fi ti irin sí á máa jẹ warfarin títí ayé kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sára ẹ̀. Fluconazole sì máa ń mú kí warfarin lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde lẹ́yìn eyín, nínú ìtọ̀, ibi tó burú ni orí. Kì í ṣe pé wọn ò ṣeé lò pọ̀ o, wọ́n ń lò ó pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ dín warfarin kù kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra. Ẹ rí i pé dọ́kítà tó kọ ọ̀kan mọ̀ nípa èkejì. Èyí wà lára ohun tẹ́ ẹ máa bá oníṣẹ́ abẹ sọ kó tó yan fáàfù. @Màmá_Ayọ̀_Parakin, ẹ̀gbọ́n ọkọ yín tó ní ṣúgà, tó bá ń lo glibenclamide tàbí glimepiride, fluconazole lè mú kí ṣúgà ẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Ti àgbo: bàbá Ìlódè, ẹ má bínú. Mi ò ní ewúro burú, ẹ fi se ọbẹ̀ kó jẹ. Àgbo tí wọ́n pò pọ̀ lẹ́nu ìgbà tó ń gba amphotericin ni mi ò lè gbà, torí kíndìnrín tó ń tiraka yẹn ò tún lè máa bá ohun tá ò mọ ìwọ̀n ẹ̀ fà á. Tó bá sì mu ún tán tí kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní láti dá oògùn gidi dúró, ta ló máa wá jẹ gbèsè yẹn?

Tẹ́ ẹ bá ń ra oògùn níta, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀. Amphotericin ti àtijọ́ yẹn, inú fìríìjì ló yẹ kó máa gbé, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò sí. Tó bá ti wà lórí káńtà ẹni tí iná ẹ̀ ti lọ látàná, ẹ má rà á bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ọmọ_Mọ́dákẹ́kẹ́_CML

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo fẹ́ já wọ̀ ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Èmi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni mo ní, CML, Glivec, hóró oògùn jẹjẹrẹ yẹn, ni mo ń lò, OAUTHC, ọsibítù yunifásítì níbí, ni mo ti ń gbà á, ẹ mọ̀ pé láti 2003 ni wọ́n ti ń fún àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ṣé èmi náà wà nínú ewu fọ́ńgọ́ọ̀sì ọkàn yìí? Lápálápá wà lára mi báyìí, mo tiẹ̀ ti ra ketoconazole hóró, mi ò tíì lò ó.

Oníkẹ́míìsì_Sábó

Ẹ má tíì lò ó o! Ketoconazole máa ń mú kí Glivec pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ lọ gba ìpara, kẹ́ ẹ sì fi han àwọn dọ́kítà yín ní clinic. Ní ti ewu, hóró lẹ̀ ń gbé mì, kò sí rọ́bà lọ́rùn yín, ẹ ò sì sí ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń da àǹtíbáyótíìkì sí yín lára, tiyín ò tó ti bọ̀dá yìí rárá. Àmọ́ Glivec náà lè dín sójà ara kù, torí náà ẹ má máa fo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ ra tẹmọ́mítà kan sílé, tó bá ti tó 38, clinic ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù mi.

Àbúrò_Téélọ̀_Lágere

Bàbá ti gbà láti bá àwọn dọ́kítà méjèèjì jókòó ní Thursday. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ìbéèrè sílẹ̀, mo ti kọ ti warfarin, ti platelet àti ti irú fáàfù. Ẹni tó bá tún ní ìbéèrè tó yẹ ká bi wọ́n kó kọ ọ́ síbí kó tó di ọjọ́ náà.